Èènì ti wọ́n l'Ékòó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú, látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà fáwọn iléeṣẹ́ fóònù lọ́dún 2025 pé wọ́n lè fi tó ìdajì owó àtijọ́ kún owó tí wọ́n ń gbà, ń ṣe ni mo ń ṣọ́ dátà mi bí ẹní ń ṣọ́ ẹran lórí iná. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, tí mi ò bá kọ ọ́, kò ní jẹ́ n sùn.

Jímọ̀ tó kọjá, mo tibi iṣẹ́ ń bọ̀, mo yà lọ ra ata lọ́wọ́ ìyá alátà mi ní Ṣómólú. Mo ní "mi" torí ó ti tó ọdún méje tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ wọn, tí mo bá ti dúró níwájú àtẹ, wọn kì í bi mí pé èló ni mo fẹ́ mọ́, wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á ni. Wọ́n ṣa tàtàṣé mẹ́rin, wọ́n ṣa tòmátò, wọ́n bu rodo sí i, wọ́n da gbogbo ẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, ni wọ́n bá tún nawọ́ sí àtẹ, wọ́n mú rodo mẹ́ta, wọ́n jù ú sí i. Kí n tó lanu dúpẹ́, ọwọ́ yẹn ti padà wọnú náílọ́ọ̀nù, ó yọ méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dá a padà sórí àtẹ. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Má bínú, kọ́sítọ́mà mi, ọwọ́ mi ni ò tíì gbọ́ pé nǹkan ti wọ́n."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ títí mo fi délé ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Gáàrì wọ́n, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Ìrẹsì wọ́n, ilé wọ́n, gáàsì wọ́n, kódà omi píọ̀ tá a máa ń ra ₦10 lọ́jọ́sí ti di ₦50. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dárò èènì, bẹ́ẹ̀ èmi rò pé òun ló kọ́kọ́ kú, kó tó di pé àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Nígbà tá a wà ní kékeré, tí màmá wa bá rán wa lọ ra epo pupa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tá a bá dé ni "ṣé wọ́n fi èènì sí i?" Tá a bá ní rárá, a máa padà lọ ni, ojú ò sì tì wá, a máa dúró gbagidi níwájú olójà pé "màmá mi ní kẹ́ ẹ fi èènì sí i o", olójà á kọ́kọ́ jágbe mọ́ wa, á ní ṣé èrè òun ni màmá yín fẹ́ jẹ tán ni, á wá fi ṣíbí kékeré kan bu epo lé e, àwa á fẹré gé e. Ẹ rán ọmọ yín padà lónìí kó lọ bèèrè èènì lọ́jà Mile 12, ohun tí wọ́n bá ní kó wá jẹ́ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ ọ.

Kóńgò náà ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, orí kóńgò gáàrì máa ń yọ ṣóńṣó ni, olójà á fi ọwọ́ méjèèjì kó o gun orí ara wọn títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀, èyí tó dà sílẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa ń gbá kún un. Ní báyìí wọ́n ti ní igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń gé orí ẹ̀, rẹ́rẹ́ bí orí tábìlì. Àwọn kan tún ti lu ìdí kóńgò wọnú, tó o bá ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ wàá rí i pé ó ti yọ gegele. Mi ò sì fẹ́ pè wọ́n lólè, torí mo mọ iye tí wọ́n ń ra àpò. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwa tá ò lówó àpò, tá à ń rà á ní kóńgò, ní dẹ̀rìkà, ní agolo mílíìkì, àwa là ń rà á wọ́n jù. Òróró tí olówó rà ní kẹ́ẹ̀gì, tálákà ń rà á ní náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ta ní kókó, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo náílọ́ọ̀nù yẹn pọ̀, owó kẹ́ẹ̀gì ti kọjá níbẹ̀.

Kì í ṣe pé nǹkan dẹrùn tẹ́lẹ̀ o, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, ṣebí orí ìlà báńkì la fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí. Àmọ́ èmi mọ ọjọ́ tí okùn já gan-an. May 29, 2023, họ́lídè ni, mo wà nílé mo ń jẹ ẹ̀wà, wọ́n ń búra fún Tinubu l'Ábújá lórí tẹlifíṣọ̀n, ni bàbá ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí n tó fọ abọ́ ẹ̀wà, ìlà ti wà nílé epo. Epo tí kò tó ₦200 ní jálá kan l'Ékòó di ₦488 láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ní September 2024 ó di ₦855 nílé epo NNPC, oṣù tó tẹ̀ lé e ó di ₦998. Jálá o, kì í ṣe táǹkì. Kí á tó mí, oṣù kẹfà ọdún 2023 yẹn náà ni báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ́jà, dọ́là tí wọ́n ń pè ní nǹkan bíi ₦470, nígbà tó fi máa di February 2024 ó ti kọjá ₦1,500.

Mo fi aláìmọ̀kan ṣe lọ́jọ́ kan, mo bi ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ pé màmá, kí ló kan dọ́là kan ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣebí ẹ̀yìn Ìkòròdú níbí náà ni wọ́n ti ń gbìn ín, kì í ṣáà wọ bàálù. Háà. Bí ìgbà tí mo tẹ egbò mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ìwọ, dúró dáadáa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sóko, ṣé omi ló ń mu ni? Fatiláísà ńkọ́? Ọkọ̀ tó gbé e wọ̀lú, epo. Kẹ̀kẹ́ tó gbé e délé ọjà, epo. Alábàárù tó rù ú, òun náà ní òun fẹ́ jẹun. Àwọn ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n já a fún mi láàárọ̀ yìí. Náílọ́ọ̀nù tí mo fẹ́ fi dì í fún ẹ yìí, mo rà á. Kí ló wá kù nínú ẹ̀fọ́ yìí tí kì í ṣe dọ́là?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo sanwó mi, mi ò bèèrè èènì.

Ní búkà tí mo ti ń jẹun ọ̀sán nítòsí ibi iṣẹ́, èènì tiwọn ni ọbẹ̀. Tó o bá ti ń parí amàlà, tó o bá kàn gbé abọ́ sókè díẹ̀ báyìí, ọmọ tó ń pín oúnjẹ á ti mọ̀, á bu ewédú àti gbẹ̀gìrì lé e, kò sẹ́ni tó ń ṣírò ẹ̀. Ní báyìí wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ògiri, àfikún ọbẹ̀ ₦300. Pọ̀nmọ́ tá a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun náà ń pe ara ẹ̀ léran, ó ti deran pátápátá, wọ́n wá ń gé e bí ẹní gé sítáǹpù. Bọ̀bọ́ kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìrẹsì ₦500. Ìyá olóńjẹ ò tiẹ̀ bínú, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ₦500 ò lè gbé ṣíbí sókè níbí mọ́ o." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, bọ̀bọ́ yẹn náà rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ. Ọkà yẹn ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, mo kàn ń rò ó pé ṣé ó rí nǹkan jẹ ṣá.

Ti ilé ló wá ṣe mí jù. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo gbé ní Ṣómólú, lókè, bàbá tó nilé gbé ìsàlẹ̀. Èènì ti bàbá yẹn ni sùúrù. Tí rẹ́ńtì bá ti pé, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní "ọmọ mi, ṣé kò sí?", mo á ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi lóṣù méjì, wọ́n á ní kò burú, wọ́n á tún bi mí pé màmá mi ńkọ́. Nígbà Kòrónà tí ìjọba sé wa mọ́lé lọ́dún 2020, oṣù mẹ́rin gbáko ni wọn ò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú ilé yẹn. Bàbá kú, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, àwọn ọmọ gbé ilé lé ẹ́jẹ́ńtì lọ́wọ́. Ẹ́jẹ́ńtì ò mọ màmá mi. Lẹ́tà ló kọ, ₦350,000 tí mo ń san di ₦900,000, owó àgírímẹ́ńtì lọ́tọ̀, kọmíṣọ̀n lọ́tọ̀. Mo ní ṣebí inú ilé ni mo ti ń bọ̀, kọmíṣọ̀n ta ni mo ń san, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mú mi mọ ilé tí mò ń sùn ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, àti pé wọ́n ti tún ilé ṣe. Ọ̀dà ni wọ́n fi kun géètì o, ẹ̀yin ará. Géètì nìkan.

Òfin wà lóòótọ́. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú ẹ̀. Mo sọ èyí fún ẹ́jẹ́ńtì kan nígbà tí mò ń wá ilé, ó ní "Àǹtí, ẹ lọ gbé inú òfin yẹn kẹ́ ẹ bá mi wò ó bóyá ó ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì."

Bí mo ṣe dé Àgbádó nìyẹn, níbi tí Èkó ti ń parí tí Ògùn ti ń bẹ̀rẹ̀, tí mo bá yí orí mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ mi ti wà ní ìpínlẹ̀ kejì. Ẹ jẹ́ n yin ìjọba níbi tó yẹ kí n yìn wọ́n ṣá, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line, tí wọ́n ṣí ní February 2024 tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní October ọdún yẹn, láti Àgbádó lọ sí Ọyìngbò, ó ń gbà mí. Ó tutù, ó mọ́, kò sẹ́ni tó ń jágbe mọ́ ẹ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àkókò tiẹ̀ àti tèmi ń pàdé, ilé mi ò sì sí lẹ́nu ọ̀nà tésàn, kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gbé mi débẹ̀, lọ́jọ́ tí mo bá pàdánù ẹ̀ dáńfó ni. Mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, lọ àti bọ̀ ń lọ sí nǹkan bíi ₦2,400 lójúmọ́. Ọjọ́ méjìlélógún lóṣù, ₦52,800. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000, Èkó ní tàwọn ₦85,000. Ẹ yọ ₦52,800 kúrò nínú ₦85,000, ₦32,200 ló kù kẹ́ ẹ fi sanwó ilé, kẹ́ ẹ fi jẹun, kẹ́ ẹ fi ra iná, kẹ́ ẹ tún fi ránṣẹ́ sí màmá nílé. Èmi ń gbà ju ₦85,000 lọ, mi ò ní purọ́, mo ṣì ń yá owó tó bá ti di ọjọ́ ogún oṣù, torí náà ẹni tó ń gbà á gan-an, mi ò mọ oògùn tó ń lò.

Nínú dáńfó náà, ẹ wò ó. Láyé ijọ́un ọmọ tó bá ti lè jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá ẹ̀ kì í sanwó, èènì kọ̀ńdọ̀ nìyẹn, kò tiẹ̀ wo ọmọ rí. Láìpẹ́ yìí obìnrin kan gbé ọmọ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ l'Ọ́ṣòdì, kọ̀ńdọ̀ ní kó sanwó ọmọ, obìnrin ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni, kọ̀ńdọ̀ ní "màmá, ẹsẹ̀ yín yẹn náà, inú ọkọ̀ mi ló wà", làwa èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá kọ̀ńdọ̀ jà, dírẹ́bà náà bá bá wa jà, ó ní ṣé àwa mọ iye tóun fi ra epo láàárọ̀, ó ní kí ẹni tí àánú ọmọ bá ń ṣe lára wa sanwó ẹ̀. Ẹ ẹ̀ ní gbàgbọ́, gbogbo ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Ojú fèrèsé ni mo kọjú sí.

Iná ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. April 2024 ni wọ́n sọ iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn gbọ́dọ̀ tó ogún wákàtí lójúmọ́, di ₦225 ní yúnììtì kan láti ₦68, lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rẹ́ mi tí mo máa ń lọ bá ní Sunday ká jọ gbádùn AC, tí mo bá ti jókòó tán báyìí, ó ti ń ṣí fèrèsé, ó ní atẹ́gùn àdánidá ló dáa fún ara.

Wọ́n ní nǹkan ti ń wálẹ̀. Lóòótọ́ o, ìrẹsì já díẹ̀ lọ́dún 2025, mi ò ní sọ pé kò já. Àmọ́ ti ìṣirò ọ̀wọ́ngógó tí wọ́n ń gbé jáde yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. December 2024 wọ́n ní ìdá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ó lé nínú ọgọ́rùn-ún, 34.80 gan-an, January 2025 ó já wálẹ̀ sí 24.48. Mo pariwo, mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo sáré lọ sọ́jà, iye tí mo fi ra ẹyin lóṣù tó kọjá náà ni mo bá níbẹ̀. Àṣé wọ́n pààrọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni, àtàwọn ọjà tí wọ́n ń kà mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé àwọn oníṣirò máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, iṣẹ́ wọn ni, kì í ṣe jìbìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń bá kóńgò jà lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé ẹ ti pààrọ̀ òṣùwọ̀n, ìdí kóńgò ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tó jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo ẹ̀, torí ti ìyá alátà yẹn kọ́ nìkan. Ọmọkùnrin kan wà níyàrá kejì sí tèmi l'Ágbàdó, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ìyá ẹ̀ ń ta ọṣẹ ní ìwọ̀nba lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Ọmọ yẹn fẹ́ràn mi. Tó bá ti gbóòórùn pé mo ń se nǹkan, ẹ máa gbọ́ bàtà ẹ̀ pàn-pàn-pàn lọ́nà, á yọjú, "Àǹtí, ẹ kú alẹ́ mà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bu oúnjẹ fún un, kò sí lára ìṣirò mi, èènì ni. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, tí ẹnì kan bá wọlé bá ẹ lórí oúnjẹ, "ẹ wá jẹun" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ, kódà tó bá jẹ́ òkèlè kan ṣoṣo ló kù, oníyẹn á ní "á gba ibi ire o", á máa lọ. Kì í jẹ ẹ́. Àmọ́ o pè é.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù, agolo ìrẹsì kan ló kù mí kù àti ẹyin kan, mo sè é, mo fẹ́ jẹ ìdajì kí n gbé ìdajì lọ síbi iṣẹ́. Mo gbọ́ pàn-pàn-pàn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé ìkòkò. Mo dé e, mo gbé e sísàlẹ̀ tábìlì, mo mú fóònù, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó níṣẹ́ ṣe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí mi, mo dá a lóhùn láìgbójú sókè. Ó dúró díẹ̀. Òórùn ẹyin kún yàrá bámú, ọmọdé ò ṣáà ya dìndìnrìn. Ó ní "ó dàárọ̀ mà", ó lọ. Mo jẹun yẹn, mi ò mọ adùn ẹ̀. Tí màmá wa bá gbọ́, wọ́n á ní kì í ṣe àwọn ló bí mi.

Kò wá mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó ṣì ń kí mi tá a bá pàdé níbi kànga, ó kàn jẹ́ pé pàn-pàn-pàn yẹn ò wá sí ẹnu ọ̀nà mi mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá alátà tí mo sọ yẹn, mo se ẹ̀wà, mo mọ̀ọ́mọ̀ wọn agolo kan kún èyí tó tó mi. Mo lọ pè é fúnra mi. Ó tẹ̀ lé mi wá, kò wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó."

Mo ní, "Kí lo jẹ?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Màmi ní tí wọ́n bá ti pè mí wá jẹun, kí n máa ní mo ti yó."

Mo bu ẹ̀wà yẹn, ṣíbí ńlá mẹ́ta, mo da epo lé e, mo tún bu ìkẹrin. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà wọn.